Ìṣẹ́ Nínú Ẹ̀jẹ̀ Ọmọdé

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àpèjọ ọdún yìí

   

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìlera, wọ́n sì ní kí n má pẹ́. Mo mọ̀ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yín ń retí ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti orúnkún tó ń dun àwa àgbà. A ti gbọ́ ìyẹn lọ́dún tó kọjá, a sì ti gbàgbé. Lónìí, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni mo gbé wá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ọmọdé, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní lukimíà, àti bí ìṣẹ́ ṣe ń bá àrùn náà lẹ̀dí àpò pọ̀.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀kan yìí lọ sílé: ìṣẹ́ kì í dúró sí ibi tí wọ́n ti ń gba owó lọ́sibítù. Ó máa ń bá ọmọ wọ inú wọ́ọ̀dù, ó máa ń bá a wọ inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ra oògùn fún ọmọ tí kò sì wo ebi tó ń pa á àti ibi tó ń sùn, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe.

KÍ NI ÀRÙN YÌÍ?

Ẹ rántí ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì wa ní fọ́ọ̀mù kẹta. Ọ̀gá wa ya egungun sí ara pátákó, wọ́n ní inú rẹ̀ kò ṣófo. Mùdùnmúdùn ló wà níbẹ̀, ohun tí a máa ń fà mu nínú eegun ẹran lọ́jọ́ ọdún. Mùdùnmúdùn yìí ni ilé iṣẹ́ tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì pupa ti ń jáde, tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì funfun ti ń jáde, àwọn ọmọ ogun tó ń bá kòkòrò àrùn jà. Ibẹ̀ náà ni àwọn wẹ́wẹ́ tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nígbà tí a bá farapa ti ń wá.

Nínú lukimíà, ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí kò tíì dàgbà á ya ìpátá. Kò ní dàgbà mọ́, kò ní ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n á máa bí sí i, á máa pọ̀ sí i, títí á fi gba gbogbo àyè mọ́ àwọn ọmọlúàbí lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ojú ọmọ náà àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi máa ń funfun, nítorí sẹ́ẹ̀lì pupa kò tó. Ìdí nìyí tí ibà fi máa ń ṣe é léraléra, nítorí ọmọ ogun kò sí. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà ní imú àti èrìgì rẹ̀, tí ara rẹ̀ fi ń ní àpá dúdú bí ẹni tí wọ́n nà, tí egungun fi ń ro ó débi pé kò fẹ́ rìn mọ́.

Oríṣi méjì ló ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ wa. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní ALL. Òun ló pọ̀ jù láàrin ọmọdé ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, pàápàá láàrin ọmọ ọdún 2 sí 5. Wọ́n ń pe ìkejì ní AML, ìyẹn sì le láti wò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí èyí tó ń ràn nínú méjèèjì. Kì í ṣe àbíkú, kì í ṣe èpè, kì í sì ṣe ìyá bàbá ọmọ ló fà á.

OÒGÙN TÓ TI ARA EBI WÁ

Ní ìparí àwọn ọdún 1920, dókítà obìnrin kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lucy Wills, lọ sí ìlú Bombay ní Íńdíà. Ó bá àwọn aláboyún kan níbẹ̀, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣọ híhun, tálákà paraku, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń gbẹ. Ó wò ó títí, ó rí i pé oúnjẹ tí wọn kò rí jẹ ló fà á. Ó fún wọn ní Marmite, ohun tí àwọn òyìnbó fi ìwúkàrà ṣe tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì, ẹ̀jẹ̀ wọn sì padà sípò. Ó kọ ọ́ jáde ní 1931. Ohun tó ṣiṣẹ́ nínú Marmite yẹn ni a wá ń pè ní folic acid, èyí tí wọ́n ń fún àwọn aláboyún wa ní kílíńìkì títí di òní. Ara ewé ẹ̀fọ́ ni wọ́n ti yọ ọ́ ní 1941, orúkọ rẹ̀ sì wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí ewé.

Dókítà kan wà ní Boston ní Amẹ́ríkà, Sidney Farber ni orúkọ rẹ̀. Nígbà yẹn, ọmọ tí lukimíà bá mú, ìtẹ́ ló kù. Farber rí i pé nígbà tí wọ́n fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ohun tó jọ folic acid, ńṣe ni àrùn náà ń yára sí i. Ó ronú sẹ́yìn, ó ní: bí oúnjẹ yìí bá ń bọ́ àrùn, ẹ jẹ́ kí a fi oúnjẹ náà dù ú. Wọ́n fún ọmọ 16 ní oògùn kan tó ń dí ọ̀nà mọ́ folic acid, aminopterin ni wọ́n pè é. Ní 1948, Farber kọ ọ́ jáde pé ara ọmọ 10 nínú wọn yá. Fún oṣù díẹ̀ ni, lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì ṣẹlẹ̀ rí. Methotrexate, àbúrò oògùn yẹn, wà lára ohun tí wọ́n ń lò títí di ìsinsìnyí.

Ní 1962, wọ́n ṣí ọsibítù ọmọdé kan sí ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà, St. Jude ni orúkọ rẹ̀. Dókítà Donald Pinkel tó jẹ́ olórí rẹ̀ ní kí wọ́n má fi oògùn kan ṣoṣo jà mọ́, kí wọ́n da oògùn púpọ̀ pọ̀, kí wọ́n wo inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn náà, kí ọmọ sì máa lo oògùn lọ fún ọdún méjì sí mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọmọ 4 péré nínú 100 tó ní ALL ló ń yè. Lónìí ní ọsibítù yẹn, ọmọ 94 nínú 100 ló ń yè.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: àrùn tó ṣeé wò ni. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ní àwọn ilẹ̀ olówó, ó ju ọmọ 80 lọ nínú 100 tó ń bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ lápapọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tálákà, wọn kò tó 30. Oògùn kan náà ni, àrùn kan náà ni. Níbo wá ni ìyókù lọ?

Ẹ ó sọ pé owó oògùn ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Ìtàn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí ti fi hàn yín pé oúnjẹ àti ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ àná. Ẹ jẹ́ kí n wá ka ọ̀nà mẹ́ta fún yín tí ìṣẹ́ ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀.

ÈKÍNÍ: ÌṢẸ́ Ń YAN ORÍṢI ÀRÙN

Ní 1982, Dókítà C. K. O. Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn tẹ ìwádìí kan jáde lórí lukimíà ọmọdé. Ohun tí wọ́n rí yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ òyìnbó. ALL tó máa ń mú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún lọ́hùn-ún kò wọ́pọ̀ níbí. AML ló pọ̀, láàrin àwọn tó ti tó ọmọ ilé ìwé. Àwọn kan nínú wọn máa ń ní kókó tó ń ti ojú ọmọ síta. Àwọn oníwádìí yìí kò sọ pé ẹ̀yà wa ló fà á. Wọ́n ní kí a wo bí àwọn ọmọ ṣe ń gbé, ohun tí wọ́n ń jẹ àti àrùn tó ń bá wọn jà láti kékeré.

Kí ló dé tí ìgbé ayé fi lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n Mel Greaves ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọdún púpọ̀ wádìí rẹ̀, ó sì kó gbogbo rẹ̀ jọ ní 2018. Ó ní ìgbésẹ̀ méjì ni ALL ń gbé. Àkọ́kọ́ máa ń wáyé nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún: sẹ́ẹ̀lì kan á ṣi ẹsẹ̀ gbé. Nǹkan bí ọmọ tuntun 1 nínú 100 ló ń gbé irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ wá sáyé, ṣùgbọ́n nínú 100 irú wọn, bí ẹyọ kan ni àrùn náà á mú. Ìgbésẹ̀ kejì ni kòkòrò àrùn tó dé bá ara tí kò tíì kọ́ ìjà. Ọmọ tí a tọ́ nínú ilé tó mọ́ tónítóní, tí kò bá ọmọ mìíràn ṣeré ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ kò kọ́ṣẹ́. Nígbà tí kòkòrò bá dé, wọ́n á jà kọjá ibi tó yẹ, ìjà yẹn á sì da sẹ́ẹ̀lì tó ti ṣi ẹsẹ̀ gbé rú pátápátá.

Ẹnìkan lè wá sọ pé, “A dúpẹ́ o, ìṣẹ́ wa ń dáàbò bo àwọn ọmọ wa.” Rárá o. Ohun tí ìṣẹ́ fi ọwọ́ ọ̀tún dá dúró, ọwọ́ òsì ló fi ń gbé òmíràn wá. Ní 1958, Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Uganda, kọ̀wé nípa kókó ńlá kan tó ń yọ ní àgbọ̀n àwọn ọmọdé. Ní 1964, Epstein, Achong àti Barr rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú sẹ́ẹ̀lì kókó náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé ló ní fáírọ́ọ̀sì yìí, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n níbi tí ibà ẹ̀fọn bá ti ń mú ọmọ lóṣooṣù, tí kò sí nẹ́ẹ̀tì, tí gọ́tà dúró gbagidi lójú fèrèsé, ibà àti fáírọ́ọ̀sì á gbá ara wọn mú, sẹ́ẹ̀lì funfun ọmọ á sì di jẹjẹrẹ. Ìbátan lukimíà ni àrùn Burkitt yìí, ara sẹ́ẹ̀lì funfun náà ló ti ń wá. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn tó ń mú.

Ẹ tún fi kún un pé ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti kú kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹ̀jẹ̀ wọn sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ibà ni wọ́n pè é. Àwọn yẹn kò sí nínú ìwé kankan.

ÈKEJÌ: ÌṢẸ́ Ń YÍ IṢẸ́ OÒGÙN PADÀ

Ní Mẹ́síkò, àwọn dókítà tẹ ìwádìí kan jáde ní 1989. Àwọn ọmọ tí ALL tiwọn kò burú púpọ̀ ni wọ́n wò, oògùn kan náà ni wọ́n fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nínú àwọn tó ń jẹun dáadáa nígbà tí àrùn bẹ̀rẹ̀, 83 nínú 100 ni ara wọn ṣì yá. Nínú àwọn tí ebi ti hàn lára wọn, 26 nínú 100 ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: 83 àti 26. Àwọn ọmọ tó lo oògùn kan náà ni o.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara? Àwọn tó ṣe ìwádìí ní Blantyre ní Màláwì fi hàn ní 2010. Àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ kíndìnrín ni wọ́n wò, oògùn vincristine ni wọ́n sì ń lò, oògùn tí a ń fún onílukimíà náà. Ara àwọn ọmọ tí kò jẹun kánú lọ́ra láti lé oògùn náà jáde. Májèlé ni oògùn jẹjẹrẹ, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ń pa sẹ́ẹ̀lì burúkú ju sẹ́ẹ̀lì rere lọ. Bí ó bá pẹ́ nínú ara ju bó ti yẹ lọ, sẹ́ẹ̀lì rere náà á kú, mùdùnmúdùn tí ebi ti sọ di aláìlágbára kò ní lè pèsè ọmọ ogun mìíràn, kòkòrò kékeré tí kò tó nǹkan á sì gbé ọmọ lọ. Dókítà tí kò fẹ́ pa ọmọ á dín oògùn kù tàbí kó dá a dúró díẹ̀. Ìdúró díẹ̀ yẹn ni àrùn ń wá. Bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kékeré a máa gorí ẹni.

Ní Belo Horizonte ní Brazil, wọ́n wo ju oúnjẹ lọ. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1998 wo irú ilé tí ọmọ ń gbé, owó tó ń wọlé fún òbí rẹ̀, títí kan iná mànàmáná tí wọ́n ń lò nínú ilé. Níbi tí wọ̀nyí bá ti kéré, àrùn náà máa ń padà jù. (Bí wọ́n bá fi iná mànàmáná wọn àwa ará Nàìjíríà, gbogbo wa ni tálákà.)

Ẹ má sì rò pé ọmọ tó rù nìkan ni ìṣẹ́ ń mú. Ní Amẹ́ríkà, oúnjẹ tó pọ̀ tí kò ṣara lóore ni tálákà lè rà, ọ̀rá ni ìṣẹ́ fi ń hàn lára ọmọ wọn. Ọ̀rá náà máa ń fi sẹ́ẹ̀lì lukimíà pamọ́ fún oògùn. Ní 2021, àwọn dókítà Los Angeles sọ pé nígbà tí wọ́n bójú tó oúnjẹ àti eré ìdárayá àwọn ọmọ ní oṣù àkọ́kọ́ ìtọ́jú, àjẹkù àrùn tó wà ní mùdùnmúdùn wọn dín kù sí ti àwọn tí wọ́n ti tọ́jú ṣáájú láìsí ètò oúnjẹ yẹn. Oúnjẹ ni wọ́n tún ṣe o, kì í ṣe oògùn tuntun.

Ẹ̀KẸTA: BÍ OÒGÙN BÁ TILẸ̀ DỌ́GBA

Ẹnìkan lè sọ pé ilẹ̀ tí kò ní ọsibítù gidi ló ń jẹ irú ìyà yìí. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a lọ sí Boston, ìlú Farber. Dókítà Kira Bona àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde ní 2016 lórí àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́jú láti 2000 sí 2010. Ìlànà ìtọ́jú kan náà ni gbogbo wọn gbà. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 92 nínú 100 ló yè láàrin àwọn ọmọ àdúgbò tó rí já jẹ. Láàrin àwọn ọmọ àdúgbò tálákà, 85 ni. Èyí tó tún ya àwọn dókítà lẹ́nu ni àkókò tí àrùn padà. Nínú àwọn ọmọ tálákà tí àrùn padà fún, 92 nínú 100 ló padà fún kí ọdún mẹ́ta tó pé. Láàrin àwọn yòókù, 48 ni. Àrùn tó bá sì tètè padà ló le jù láti wò.

Apá kan ìdí rẹ̀ wà nínú ilé. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ní ọsibítù, ọmọ á lọ sílé, á máa lo oògùn kan lálaalẹ́ fún bí ọdún méjì, mercaptopurine ni wọ́n ń pè é. Dókítà Smita Bhatia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ tó ń ka ìgbà sí ìdérí ìgò oògùn náà. Ní 2012 wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí: ọmọ tó bá fo ju ọjọ́ kan lọ nínú ogún, ewu kí àrùn padà fún un ju ìlọ́po méjì lọ. Ọjọ́ kan nínú ogún péré! Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà níbí, ẹ bá mi rò ó. Obìnrin tó ń dá ọmọ mẹ́rin tọ́, tó ń jí lọ sọ́jà ní aago márùn-ún, tó ń padà dé lálẹ́ pẹ̀lú àárẹ̀, tí kò mọ ibi tí oúnjẹ ọ̀la ti máa wá, ṣé ẹ máa bá a wí pé ó gbàgbé ọjọ́ kan nínú ogún? Ìṣẹ́ ló gbàgbé fún un.

Ẹ ò rí i pé ibi tí a parí sí nìyẹn: inú sẹ́ẹ̀lì. Owó ọkọ̀ tí kò sí lónìí á di oògùn tí ọmọ kò lò lọ́la, oògùn tí kò lò á di sẹ́ẹ̀lì tí kò kú, sẹ́ẹ̀lì tí kò kú á sì bí irú ara rẹ̀.

ṢÉ Ó ṢEÉ YÍ PADÀ?

Ó ṣeé yí padà, ẹ̀rí sì wà. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Recife ní ìhà àríwá ìlà oòrùn Brazil, níbi tí àwọn ìbátan wa ọmọ Nàgó wà, tí wọ́n ń fi orúkọ Ṣàngó pe ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn títí dòní. Ibi tí ìṣẹ́ pọ̀ sí ni. Ní àwọn ọdún 1980, ọmọ 32 nínú 100 tó ní ALL ni wọ́n ń wò yè níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń gbé ọmọ wọn lọ láàrin ìtọ́jú, 16 nínú 100, nítorí owó ọkọ̀ àti ebi. Ní 1994, wọ́n bá St. Jude dòwò pọ̀. Wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n tún ìlànà oògùn ṣe. Wọ́n sì ṣe ohun tí kò jọ iṣẹ́ dókítà rárá: wọ́n wá ilé fún àwọn ìyá tó wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n fún wọn ní oúnjẹ, wọ́n san owó ọkọ̀ wọn, bí ọmọ kò bá sì wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún un, ẹnìkan á wá a lọ sílé. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004 fi hàn pé láàrin àwọn tí wọ́n tọ́jú láti 1997 sí 2002, ọmọ 63 nínú 100 ló yè. Àwọn tó sá kúrò lẹ́nu ìtọ́jú kò tó ẹyọ kan nínú 100.

Àwọn bàbá wa ló sọ ọ́: bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. A lè má lè lé ìṣẹ́ kúrò ní orílẹ̀-èdè yìí láti inú gbọ̀ngàn yìí. Ṣùgbọ́n a lè lé ebi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ kan. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síbí.

OHUN TÍ MO Ń BẸ̀BẸ̀ FÚN

Mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ fẹ́ kọ́ géètì ńlá tuntun fún ilé ìwé wa, pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ àti orúkọ àwọn tó dá owó. N kò bá géètì jà. Géètì àtijọ́ yẹn ti wọ́ lóòótọ́, àwa kan nínú wa ló sì bà á jẹ́ nígbà tí a ń fò ó lóru. (Ẹ má wo apá ibi tí mo wà.) Ṣùgbọ́n mo bẹ Alága àti ìgbìmọ̀: ẹ jẹ́ kí géètì náà kéré díẹ̀, kí a yọ ìdámẹ́ta owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ láti agbègbè tí ilé ìwé wa wà. Owó náà kì í ṣe fún ẹ̀rọ ńlá. Owó ọkọ̀ ni, owó ẹyin àti mílíìkì, owó yàrá tí ìyá àti ọmọ lè sùn sí nítòsí ọsibítù. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó wà láàrin wa, ẹ mọ ara yín, ẹ̀yin ni kí ẹ máa tọ́ wa sọ́nà.

Ìkejì, kí a sọ ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ àpèjọ wa lọ́dọọdún di ọjọ́ ìfẹ̀jẹ̀tọrẹ. Ọmọ onílukimíà ń gba ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́, kò sì sí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tà láyé. Àwa tí ọjọ́ orí wa ti kọjá kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ wa, a ní ọmọ tó sanra.

Ìkẹta, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ti di olùkọ́, ojú yín ló ń rí ọmọ lójoojúmọ́. Ọmọ tí ibà rẹ̀ kò lọ lẹ́yìn tó ti lo oògùn lẹ́ẹ̀mejì, tó ń funfun, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nímú, tí egungun ń ro tí àyẹ̀wò sì ti fi hàn pé kì í ṣe fòníkú-fọ̀ládìde, ẹ sọ fún òbí rẹ̀ pé kó lọ sí ọsibítù kí wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Àyẹ̀wò yẹn kò wọ́n tó owó agbo àti oògùn ibà tí wọ́n ti ń rà látọdún. Bí ọmọ náà bá sì wà lẹ́nu ìtọ́jú, ẹ má pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé yín. Ẹ fi àga rẹ̀ sílẹ̀ dè é.

WHO ti kéde ní 2018 pé kí ó tó di 2030, ó kéré tán ọmọ 60 nínú 100 tó ní jẹjẹrẹ káàkiri ayé gbọ́dọ̀ máa yè. ALL wà lára àwọn àrùn mẹ́fà tí wọ́n ń fi wọn iṣẹ́ náà. Kò sí ìjọba tó máa dá ṣe é. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nígbà tí a wà ní kékeré níbí, àwọn kan nínú wa kò lè san owó ilé ìwé. Ẹ mọ̀ pé àwọn olùkọ́ tó jókòó níwájú yìí ló ń bá wọn san án láti inú owó oṣù wọn tí kò tó nǹkan, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tí wọ́n san án fún wà nínú gbọ̀ngàn yìí, àwọn mìíràn nínú wọn ti di ọ̀gá ńlá. Ọ̀nà láti san gbèsè yẹn padà ló wà níwájú wa yìí.

Alága, mo fi àbá yìí sílẹ̀ fún ìpàdé gbogbogbòò ti ọ̀la. Kí Ọlọ́run má fi àìsàn àwọn ọmọ wa dán wa wò. Kí ó sì jẹ́ kí ọwọ́ wa gùn tó láti ran ọmọ ẹlòmíràn lọ́wọ́.